Josef Jadassohn, Oníṣègùn Awọ Ara

Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà títí dé Èrúwà, àti láti Lànlátẹ̀ títí dé Igangan, kò sí ọjà tí ènìyàn lè ná tí kò ní bá àwọn tí ń ta ohun ìpara pàdé. Àwọn kan pàtẹ òrí àti àdín. Àwọn mìíràn ń ta osùn àti ọṣẹ dúdú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn onísọ́ọ̀bù wà, tí wọ́n to pòmédì, pàúdà àti lọ́fínńdà òkè òkun sórí pẹpẹ. Òórùn dídùn ni ó sábà máa ń dá oníbàárà dúró. Èyí kò sì yani lẹ́nu, nítorí Yorùbá kì í fi ìtọ́jú ara ṣeré: ẹni tí ó wẹ̀ tí kò para, bí ẹni tí kò wẹ̀ rárá ni wọ́n ń kà á sí.

Igbó-Ọrà yìí náà ni ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ìbejì. Ká wá gbà pé Táyé àti Kẹ́hìndé jọ fi ọwọ́ bọ inú agolo pòmédì kan náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún. Ara Táyé ń dán, ó sì ń ta sánsán. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, ọrùn Kẹ́hìndé ti bẹ̀rẹ̀ sí yún un. Ó wú, ó lé ròrò wẹ́wẹ́ tí ń ṣomi. Nígbà tí ó sì gbẹ tán, ojú ibẹ̀ dúdú ju ara yòókù lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ó bá jẹ́ pé pòmédì náà ni kò dára, èéṣe tí kò fi ṣe Táyé ní nǹkan kan? Bí ó bá sì dára, kí ni ó ṣe Kẹ́hìndé? Ibi tí ìdáhùn bá ti wọ́n, ìfura kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Ẹnìkan yóò ní ayé ni ó ń ṣe é. Òmíràn yóò ní ọwọ́ orogún ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta yóò gbéra lọ bá obìnrin tí ó ta pòmédì náà, yóò sì pariwo lé e lórí pé ayédèrú ọjà ni ó tà fún wọn. Ọkùnrin tí ó fi hàn bí a ṣe lè bi awọ ara fúnra rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, kí a má baà dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi, ni Josef Jadassohn.

A bí Jadassohn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1863, ní ìlú Liegnitz ní agbègbè Silesia, tí ó wà lábẹ́ ọba Prussia nígbà náà. Lóde òní, inú ilẹ̀ Pólándì ni ìlú náà wà, Legnica sì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Júù ni Jadassohn. Ọ̀rọ̀ yìí kò dà bí ohun bàbàrà ní ìgbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò di ohun ńlá ní ìgbà ogbó rẹ̀. Ó kọ́ ìṣègùn ní Göttingen, ní Heidelberg, ní Leipzig àti ní Breslau, nítorí àṣà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Jámánì ní ayé ìgbà náà ni pé wọn kì í dúró sí yunifásítì kan ṣoṣo. Ibi tí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ bá wà ni wọ́n ń lọ.

Ní Breslau ni ó ti pàdé irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Albert Neisser ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Neisser nígbà tí ó rí kòkòrò tí ń fa àtọ̀sí ní ọdún 1879, òun náà sì ni ó ń ṣe olórí ilé ìwòsàn àwọn alárùn awọ ara ní ìlú náà. Jadassohn di igbákejì rẹ̀ ní ọdún 1887, ó sì sìn ín fún ọdún márùn-ún. Ní ọdún 1892 wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka awọ ara ní ilé ìwòsàn ìlú tí wọ́n sọ ní orúkọ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́.

Àkókò náà jẹ́ àkókò ìdùnnú fún àwọn oníṣègùn Yúróòpù. Robert Koch ti fi kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ han gbogbo ayé ní ọdún 1882, kò sì pẹ́ tí ó fi rí ti àrùn onígbáméjì pẹ̀lú. Nítorí náà, àrùn yòówù tí ó bá dé, kòkòrò ni olúkúlùkù ń wá. Bí ara bá sú, kòkòrò ni. Bí ojú bá wú, kòkòrò ni. Ohun tí ó yẹ kí a yin Jadassohn fún ni pé, láàárín ariwo yìí, ó ṣàkíyèsí àìsàn kan tí kò ní kòkòrò nínú rárá.

Ní ayé ìgbà náà, mẹ́kúrì, irin olómi tí ń dán bí fàdákà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí oníṣègùn gbójú lé jù lọ. Wọ́n ń pò ó mọ́ ọ̀rá láti fi pa ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi í sínú pílásítà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò. A ti mọ̀ nísinsìnyí pé májèlé ni mẹ́kúrì, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tún fi para. Ṣùgbọ́n oògùn ni wọ́n kà á sí nígbà náà, ọ̀pọ̀ aláìsàn sì lò ó láìrí ìjàǹbá kankan lójú awọ ara wọn. Àwọn díẹ̀ ni ara wọn ń sú. Ìdáhùn méjì tí ó rọrùn wà ní ilẹ̀: a lè sọ pé oògùn náà ti pọ̀ jù, a sì lè sọ pé àrùn tí a ń wò ni ó ń tàn ká. Jadassohn kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì gbọ́ títí tí yóò fi dán an wò.

Ohun tí ó ṣe kò gba ẹ̀rọ olówó iyebíye, bẹ́ẹ̀ ni kò gba abẹ́rẹ́. Ó mú ìwọ̀n mẹ́kúrì kékeré nínú pílásítà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ara aláìsàn náà dá ṣáká, níbi tí àrùn kò ti dé rí. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dúró. Nígbà tí ó ṣí i, ibi tí pílásítà bò ti wú, ó sì ti sú. Ibi tí kò bò kò ní nǹkan kan. Bí a bá sì lẹ irú pílásítà kan náà mọ́ ara àwọn tí mẹ́kúrì kì í bá jà, awọ wọn yóò wà bí ó ti wà. Nípa báyìí ó hàn pé kì í ṣe pípọ̀ oògùn ni ó fà á, nítorí díẹ̀ ni ó lò. Kì í sì í ṣe àrùn àtijọ́, nítorí ibi tí ó dá ṣáká ni ó lò ó sí. Oògùn náà nìkan kọ́ ni ó jẹ̀bi, awọ náà nìkan kọ́ sì ni. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni ọ̀ràn wà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1895, àwọn oníṣègùn awọ ara ilẹ̀ Jámánì ṣe ìpàdé ńlá wọn karùn-ún ní ìlú Graz ní ilẹ̀ Austríà. Níbẹ̀ ni Jadassohn, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 32, ti ròyìn iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1896 ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní baba ìdánwò alálẹ̀mọ́ra.

Òtítọ́ ni pé ẹlòmíràn ti fi nǹkan kan ara rí ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1847, Georg Städeler, onímọ̀ kẹ́míkà kan, fi bébà lẹ òróró inú èèpo kajú mọ́ ara láti rí ohun tí yóò ṣe. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti yan kajú rí ní agbègbè Èrúwà kò nílò kí Städeler sọ fún òun pé òróró náà a máa bó ọwọ́ àti ètè. Ṣùgbọ́n ohun tí Städeler ń wá ni ohun tí kajú lè ṣe sí awọ ènìyàn. Jadassohn ní tirẹ̀ ń béèrè ohun tí awọ ẹni kan yìí kọ̀ tí awọ ẹnìkejì gbà. Ìbéèrè méjèèjì jìnnà sí ara wọn púpọ̀.

Nígbà tí Jadassohn ṣe ìdánwò rẹ̀, ohun tí ó rí kò tíì ní orúkọ. Ọdún 11 lẹ́yìn ìpàdé Graz, ní 1906, ni Clemens von Pirquet, oníṣègùn àwọn ọmọdé ní Vienna, so ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀, ó sì pè é ní álẹ́jì, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ara ti yí ìṣe rẹ̀ padà sí nǹkan kan. Ó sì tún pẹ́ lẹ́yìn èyí kí àwọn onímọ̀ tó lóye bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Àwọn èròjà kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè gba inú awọ wọlé. Bí wọ́n bá wọlé, wọn a so mọ́ èròjà ara fúnra rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú awọ tí iṣẹ́ wọn dà bí ti aṣọ́bodè. Paul Langerhans ni ó kọ́kọ́ rí wọn ní ọdún 1868, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó rò pé ara iṣan ìmọ̀lára ni wọ́n. Àwọn aṣọ́bodè yìí ni ń gbé ìròyìn àlejò náà lọ sí inú àwọn kókó tí ó wà ní abíyá, ní ọrùn àti ní abẹ́nú. Níbẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ti ń kọ́ láti dá a mọ̀. Ẹ̀kọ́ náà a máa gbà tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ara kì í sì í fi àmì kankan hàn ní gbogbo àkókò yìí. Lẹ́yìn tí ara bá ti kọ́ ọ tán ni ìjà tó dé: bí nǹkan náà bá tún kan awọ, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta ara yóò sú. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè lo ìpara kan fún ọdún pípẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bá a jà, tí yóò sì máa búra pé kò lè jẹ́ òun, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ yìí kì í sábà kúrò lára mọ́ títí ọjọ́ ikú.

Ní ọdún 1896 kan náà ni Jadassohn fi Jámánì sílẹ̀ lọ sí ìlú Bern ní ilẹ̀ Swítsàlandì, láti ṣe olórí ilé ìwòsàn awọ ara níbẹ̀. Ọdún 21 ni ó lò ní Bern. Ní ilẹ̀ náà ni Bruno Bloch ti mú ìdánwò alálẹ̀mọ́ra ní òkúnkúndùn, ní Basel ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Zürich, tí ó sì sọ ọ́ di ohun tí à ń ṣe létòlétò. Ìṣòro tí Bloch dojú kọ sún mọ́ ti àwọn oníṣòwò ìpara dáadáa, nítorí pé òdòdó ni. Àwọn ará Yúróòpù fẹ́ràn láti máa gbin òdòdó kan tí ń jẹ́ primula sínú ìkòkò ní ilé wọn. Ó lẹ́wà, kò sì sí ẹni tí yóò rò ibi sí i. Síbẹ̀ ọwọ́ àwọn tí ń bomi rin ín a máa sú, a sì máa wú. Bloch àti Paul Karrer wá ohun tí ó wà nínú ewé náà, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1927. Bloch tún fi hàn pé bí èròjà inú primula bá pọ̀ tó lára, àní àwọn tí kò bá jà tẹ́lẹ̀ náà lè di ẹni tí ó ń bá jà.

Neisser kú ní ọdún 1916. Ní ọdún 1917, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ṣì ń jà, Jadassohn padà sí Breslau láti jókòó sórí àga olùkọ́ rẹ̀. Àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó lókìkí jù lọ. Àwọn oníṣègùn ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Marion Sulzberger, ará Amẹ́ríkà, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bloch ní Zürich, ó sì tún lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ Jadassohn ní Breslau. Nígbà tí ó padà sí New York ní ọdún 1929, ó gbé ìdánwò náà lọ́wọ́, ó sì tàn án ká ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Jadassohn tún ṣe olóòtú ìwé ńlá kan lórí àrùn awọ ara, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ọdún 1927, tí ìdìpọ̀ rẹ̀ sì ju ogún lọ kí ó tó parí. Bí a bá ń wo iye iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀, ìwé yìí ni ènìyàn ìbá rò pé a óò fi máa rántí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìdìpọ̀ náà ti di ohun ilé ìkàwé. Pílásítà kékeré ìgbà èwe rẹ̀ ni ó wà láàyè.

Ní ọdún 1931 ó fẹ̀yìn tì. Ọdún méjì péré lẹ́yìn èyí, ní oṣù kìíní ọdún 1933, Hitler gba ìjọba Jámánì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣe òfin tí ó lé àwọn Júù kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba àti ní yunifásítì. Ìṣègùn awọ ara wà lára ẹ̀ka ìmọ̀ tí àwọn Júù pọ̀ sí jù ní ilẹ̀ náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe pàdánù ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí ó dára jù lọ. Ọkùnrin tí ó ti tọ́jú aláìsàn Breslau ju ogún ọdún lọ, tí ó sì ti sọ orúkọ ìlú náà di ńlá lẹ́nu àwọn oníṣègùn ayé, di ẹni tí kò ní ibùgbé nínú rẹ̀ mọ́. Ó padà sí Swítsàlandì, ilẹ̀ tí ó ti gbà á nígbà èwe. Ní Zürich ni ó kú sí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1936, ní ẹni ọdún 72. Werner, ọmọ rẹ̀, di oníṣègùn awọ ara bíi baba rẹ̀, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Geneva. Breslau fúnra rẹ̀ bọ́ kúrò lọ́wọ́ Jámánì ní ọdún 1945; Wrocław ni orúkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ Pólándì lónìí.

Mẹ́kúrì ni Jadassohn fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lọ́fínńdà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìdánwò rẹ̀ ni ó tú àṣírí òórùn dídùn. Àwọn oníṣègùn ti ń rí i pé awọ ọ̀pọ̀ aláìsàn kọ oje igi kan tí wọ́n ń pè ní básámù Peru. El Salvador ni igi náà ti ń wá, àmọ́ èbúté Peru ni wọ́n ń gbà kó oje rẹ̀ lọ sí Yúróòpù láyé àtijọ́, ni orúkọ náà fi mọ́ ọn lára. Àwọn tí ara wọn kọ oje yìí a sì máa kọ lọ́fínńdà pẹ̀lú, nítorí púpọ̀ nínú èròjà wọn bára tan. Ní ọdún 1977, Larsen, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí ara tí lọ́fínńdà ń bá jà, láti inú èyí ni àpòpọ̀ èròjà olóòórùn mẹ́jọ ti wáyé, tí wọ́n fi ń dán awọ wò káàkiri ayé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sọ pé kẹ́míkà òyìnbó ni ó fa gbogbo èyí, pé ohun tí ó ti ara ewé àti òdòdó wá kò lè pa ènìyàn lára. Ìdánwò náà kò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Eugenol tí ó wà nínú kànáfùrù wà lára èròjà mẹ́jọ wọ̀nyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni geraniol, tí ó wà nínú òdòdó rose àti nínú koríko ọba tí à ń sè mu nígbà ibà. Ohun kan náà ni eugenol inú kànáfùrù àti eugenol tí a ṣe ní ilé iṣẹ́, awọ ara kò sì mọ èyí tí ó ti oko wá yàtọ̀ sí èyí tí ó ti inú ìgò wá. Limonene, tí ń mú kí èèpo ọsàn ta sánsán, àti linalool inú òdòdó lavender, tilẹ̀ ní ìwà tí ó ṣàjèjì. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára igi, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ara jà. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí wọn, wọn a yí padà sí ohun tí ara tètè ń kọ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Swídìn ni ó ṣe àlàyé èyí yékéyéké. Nítorí náà, ìgò òróró olóòórùn tí a ti ń ṣí láti ọdún tó kọjá lè ṣe ènìyàn ní ohun tí kò ṣe é nígbà tí ó jẹ́ tuntun. Ti ọsàn wẹ́wẹ́ tí ènìyàn fi para tí ó sì jáde sínú oòrùn yàtọ̀ sí èyí. Jíjó ni ìyẹn, ó sì lè jó ẹnikẹ́ni.

Àwọn onímọ̀ Yúróòpù ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní ilẹ̀ wọn, ó tó ẹnìkan sí mẹ́ta tí ara rẹ̀ kọ èròjà olóòórùn kan tàbí òmíràn. Nítorí èyí, ní ọdún 2003, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó parapọ̀ ní Yúróòpù ṣe òfin pé a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ èròjà olóòórùn 26 sára ohun ìpara tí wọ́n bá wà nínú rẹ̀; òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005, ní ọdún 2023 wọ́n sì mú kí orúkọ náà ju 80 lọ.

Ní ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn rẹ̀ lọ sí Igbó-Ọrà láti kọ́ nípa ìlera àwọn ará ìlú àti abúlé. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí ó bá kọ́ nípa awọ ara dé ojú àmì yóò kọ́ ìdánwò Jadassohn. Bí a bá fẹ́ ṣe é fún Kẹ́hìndé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọn yóò lò. Wọn yóò to èròjà díẹ̀díẹ̀ sínú àwọn abọ́ pẹlẹbẹ tí kò tó èékánná, wọn yóò lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn, wọn yóò sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi omi kan ibẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 48 wọn yóò ṣí i, wọn yóò wò ó, wọn yóò sì tún wò ó lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì sí i, nítorí awọ mìíràn a máa pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ìwé òyìnbó sọ pé ibi tí ó pọ́n ni kí a wá. Ṣùgbọ́n lára awọ dúdú, pípọ́n kì í hàn kedere, nítorí náà oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ a máa fi ìka tọ́ ibẹ̀ láti mọ èyí tí ó ga sókè. Bí ó bá rí i, yóò kọ orúkọ èròjà náà sínú ìwé fún un. Ìwé kékeré yìí ni Kẹ́hìndé yóò mú lọ́wọ́ lọ sí ọjà. Yóò yí agolo pòmédì padà, yóò wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí lẹ́tà ti kéré jù, yóò sì máa wá orúkọ náà níkọ̀ọ̀kan, kí ó tó san owó.